Bọ́ọ̀lù Irin Àbúrò Mi

Bí ènìyàn bá mọ̀ dájú pé nǹkan kan kò ní kan òun, kí ló dé tí ọrùn rẹ̀ ṣì fi ń yẹ̀? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí lórí ilé tí mò ń mọ, mo ti bi í lórí ìkúnlẹ̀, mi ò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo ti bá ìbéèrè náà pàdé, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àbúrò mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní físíìsì. Ìyá Jáńgílófà ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n bá rò pé kò gbọ́. Ó ń gbọ́. Láti kékeré ni kò ti lè jókòó síbì kan. Bí ìyá wa bá rán an ní iyọ̀, á ti sáré dé ojú títì kí wọ́n tó sọ irú èyí tí wọ́n fẹ́. Nínú kíláàsì, kì í lo àga. Á rìn láti ojú pátákó dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, ṣọ́ọ̀kì á máa kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ tuntun nìyí: "Ohun tó bá jókòó fẹ́ máa jókòó lọ ni. Ohun tó bá ń lọ fẹ́ máa lọ ni. Kò sí èyí tó máa yí ìwà padà nínú wọn, àfi tí nǹkan bá tì í tàbí tó fà á. Nǹkan tó ń tì tó sì ń fà yẹn, ipá la ń pè é."

Ọmọ kan bi í nígbà kan pé, "Màámi, ta ló wá ń ti ẹ̀yin?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń rìn lọ.

Bọ́ọ̀lù irin ló sọ ọ́ ní Ìyá Jáńgílófà. Mẹkáníìkì kan ló fún un, ó wúwo bí ọmọ ọdún kan tó ti sùn lọ. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, èmi ni mo sì so ìkọ́ mọ́ irin òrùlé yàrá sáyẹ́ǹsì wọn, tí mo fi wáyà so bọ́ọ̀lù náà rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àbúrò mi á fẹ̀yìn ti ògiri, á fa bọ́ọ̀lù títí yóò fi kan imú rẹ̀, á wá fi í sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù á fò lọ sí òdìkejì, á yí padà, á sì máa bọ̀ tààrà sójú ẹni tó rán an lọ. Àwọn ọmọ á pariwo. Àbúrò mi, ẹni tí kì í dúró, á dúró bí òpó. Díẹ̀ á kù kó kan imú rẹ̀, á padà.

"Gíga tí mo gbé e sí ló fún un lágbára," á wí. "Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ gíga di eré. Bó ṣe ń gòkè, ó ń sọ eré di gíga padà. Afẹ́fẹ́ sì ń bù díẹ̀ jẹ lójú ọ̀nà. Ibo ló ti fẹ́ rí àfikún tí yóò fi kọjá ibi tó ti kúrò?"

Òfin kan ṣoṣo ló wà: fi í sílẹ̀, má tì í. Bí o bá tì í pẹ́nrẹ́n, o ti fi tìrẹ kún tirẹ̀, á sì gbé e bọ̀ wá fún imú rẹ.

Ní ìparí sáà tó kọjá, òun àti ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà jọ jáde ní géètì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni títì iwájú ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ ti já ń bọ̀ láti òkè. Wọ́n jọ ń rìn ni, wọ́n ń sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dun ìyá náà. Tírélà wó géètì, ó gbá ìyá agbálẹ̀, ìyá náà kú síbẹ̀. Nígbà tí tírélà náà máa fi dúró, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti àbúrò mi kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Aṣọ rẹ̀ kò tilẹ̀ ya.

A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Díákónì ni mí, èmi ni mo gba maikirofóònù, mo ní Ọlọ́run kì í fi tirẹ̀ sílẹ̀. Tọkàntọkàn ni mo sọ ọ́. Bí mo ṣe yíjú báyìí, mo rí ọmọ ìyá agbálẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú aṣọ dúdú. Ó wá bá wa dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti ń gún mi bí òkúta inú bàtà. Mo gba Ọlọ́run gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ti yà bàrá. Ṣùgbọ́n ìyá agbálẹ̀ náà a máa gbàdúrà. Àdúrà tirẹ̀ gùn ju tèmi lọ.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, èsì rẹ̀ ni pé, "Bọ̀dá, tírélà ò mọ ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wúwo, ó ń sáré, kò sì sóhun tó dá a dúró." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà. Ó kó àwọn ọmọ tó fẹ́ yan ẹ̀kọ́ tí wọn yóò fi ṣe ìdánwò àṣejáde jọ, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù lọ, bọ́ọ̀lù bọ̀. Àbúrò mi yẹrí. Kì í ṣe yíyẹ̀ kékeré o: ó bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọlu kọ́bọ́ọ̀dù, ìgò méjì fọ́.

Ọmọbìnrin kan wá ní, "Háà! Màámi, ẹ̀yin gan-an ò gbà á gbọ́!"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ọmọ ti ń ya lọ sídìí ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè é. Bí àwọn tó yan físíìsì kò bá kún bẹ́ǹṣì méjì lọ́jọ́ Ẹtì, físíìsì ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Wọ́n á máa kó àga tó ti kán sí yàrá sáyẹ́ǹsì, àbúrò mi á sì lọ máa kọ́ àwọn kékeré bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo bá a nílé tó ń fọ abọ́ tó mọ́. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó kó o jọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

"Abọ́ yẹn ṣẹ̀ ọ́ ni?" mo bi í.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ẹ̀kọ́, Bọ̀dá."

Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Bí a ṣe wọ yàrá sáyẹ́ǹsì, ó gbójú sókè.

"Ẹ bá mi wo ìkọ́ yẹn dáadáa."

"Kò sóhun tó ṣe ìkọ́ mi."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ nípa àtẹ̀gùn tí ẹ bá ẹ̀gbọ́n wa ṣe."

"Àtẹ̀gùn yẹn ṣì wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀. Ta ló ń gùn ún?"

Mo gun àga, mo fa ìkọ́ náà wò, ó le. Òun náà fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó yẹrí. Ó tún un ṣe, ó tún yẹrí. Ó di ojú, ìyẹn tilẹ̀ burú jù. Kí bọ́ọ̀lù tó sún mọ́ ọn, ó ti wà nílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bí mo bá dijú, ìró tírélà ni mò ń gbọ́."

"Jẹ́ ká gbàdúrà."

"Ẹ máa gbà á, mò ń bá yín ṣe àmín."

Mo gbà á. Ó ń ṣe àmín láti ẹnu ọ̀nà, láti ojú fèrèsé, láti ẹ̀yìn mi. Èmi náà kò lè dúró mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ ilẹ̀kùn tó tú sọ́tùn-ún sósì.

"Mo mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá," ó ní. "Mo lè kọ ọ́ sójú pátákó fún yín nísinsìnyí. Orí mi gbà. Ọrùn mi ló ní òun ò gbọ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Mo rántí ara mi lórí ìkúnlẹ̀: ẹnu mi á máa sọ pé mo fọkàn tán Ọlọ́run, ọwọ́ mi á sì máa wá ibi tí yóò dì mú.

"Ṣé o ò kúkú lè gbé ẹyin sórí àga níbẹ̀?" mo ní. "Bí bọ́ọ̀lù ò bá fọ́ ẹyin, wọ́n á gbà."

"Ẹ̀rù kì í ba ẹyin. Ta ló máa gba ẹ̀rí ẹyin?"

"Ní kí ọmọ kan dúró."

"Ibi tí èmi ti sá? Ọmọ ta ni màá fi síbẹ̀?"

Bọ́ọ̀lù náà ṣì ń mì láàárín wa, díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi dúró. Kò fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀, kò fi ọwọ́ yí nǹkan. Ó ń wo ògiri, lẹ́yìn náà ó ń wò mí.

"Bọ̀dá," ó ní, "gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ ń dúró níwájú wa, tí ẹ ń sọ pé ká má yẹsẹ̀. Ẹ bá mi wá dúró síbi ògiri yẹn lọ́la, níṣojú àwọn ọmọ náà. Èmi ni màá fi í sílẹ̀, mi ò ní tì í. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sì dijú o."