Ẹja Tí Màmá Ń Tà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ifọ́nyìntẹ̀dó, mo ti mọ òórùn òkun kí n tó fojú kàn án rárá. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí. Lọ́jọ́ tí Màmá mi bá ti etí òkun dé, tí wọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ ẹja kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kò sí ológbò àdúgbò tí kì í mọ ilé wa.

Àkurákudà, ẹja ńlá eléyín mímú inú òkun, ni ẹja tiwọn. Ọwọ́ àwọn apẹja Ègùn ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á yan án, wọ́n á sì kiri rẹ̀ títí dé Ìlóbì. Awọ rẹ̀ ń ha ènìyàn lọ́wọ́ bí iyanrìn. Ọmọ tó bá lọ ṣeré tí kò pọnmi, ìyà tirẹ̀ ni kó da omi gbígbóná sí awọ náà, kó máa fi ọ̀bẹ họ ọ́ títí apá á fi ro ó. Èmi ni mo họ jù, nítorí mo fẹ́ràn òkòtó ju omi pípọn lọ.

Ohun tí gbogbo wa ń retí ni kí wọ́n la ikùn rẹ̀. Ẹja yìí kì í yé ẹyin sómi, ọmọ ló ń bí. Bí wọ́n bá bá ọmọ nínú rẹ̀, Màmá á kígbe, "Aboyún rèé o! Ẹ gbé abọ́ wá!" Wọn kì í ta àwọn ọmọ náà. Àwa ọmọdé la ń jẹ ọbẹ̀ rẹ̀, àwa àti ìyá ọlọ́mọ tuntun tó bá wà ládùúgbò, torí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí omi ọmú wá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n de àwọn ẹja aboyún níbi tí wọ́n ti ń wá bímọ létí òkun. Màmá á ṣàdúrà pé, "Kì í tán nígbá osùn," àwa náà á ṣe àmín. Ta ló gbọ́ pé nǹkan ń tán nínú òkun?

Ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídátù ló jogún iṣẹ́ náà. Opó ni, ẹja yìí ló fi ń bọ́ Gàníyù àti àwọn àbúrò rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo tẹ̀ lé e lọ sétí òkun. Omi ti jẹ ilẹ̀ tí wọ́n ń sá àwọ̀n sí tẹ́lẹ̀. Bàbá apẹja tó ń tajà fún un kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ìyá Gàníyù, ẹ má bínú. Àwọn ọkọ̀ ìpẹja ńláńlá tó wà lójú agbami ti gbá ẹja lọ. Omi náà ti gbóná, ìwọ̀nba tó kù ti sá lọ síbi tí ọkọ̀ tiwa ò lè dé."

Àkurákudà kan ṣoṣo ló gbé jáde, kò gùn ju apá mi lọ. Ojú ìwọ́ rẹ̀ kò tíì jiná, bí ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n mi má rà á.

Ó ní, "Ó ti kú, àbúrò mi. Kí ni kí n gbé sórí iná?" Ó sì rà á.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni méjì ló ń bá Màmá gbé apẹ̀rẹ̀ rù. Ọwọ́ kan ni Ẹ̀gbọ́n mi fi gbé tirẹ̀ wọ mọ́tò. Mo mọ̀, òun náà sì mọ̀, pé kò sí ẹja tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí mọ́.