Àmì Méjì Péré

Àwọn ọmọ iléèwé mi ní ìkà ni mí. Wọ́n ní bí ènìyàn bá gbàgbé àmì ohùn kan ṣoṣo, n óò ní kí ó tún odindi ojú ìwé kọ. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kí ó máa bínú.

Ọmọge ni mí nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì nígbà tí ojú ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí yọ síta. Kò dùn mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ kan á di méjì, gèlè pupa ìyá mi sì ń dà bí eérú lójú náà. Ìyá mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn òyìnbó. Dókítà ní kókó kan ló ń hù lẹ́yìn ojú, ṣùgbọ́n bàbá mi gbọ́dọ̀ gbà kí òun tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ó ní kí akọ̀wé òun kọ lẹ́tà sí i.

Akọ̀wé yẹn kò fi àmì kankan sí i. Kò ká a lára. Ó kọ ọ́ báyìí: "A o ge die ni eyin oju re, ki a le mo iru arun ti o je."

Bàbá mi ti dàgbà kí ó tó kọ́ ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ràn kí á máa gbọ́ ọ bí ó bá ń kàwé. Ó kà á sókè ní *ẹyin ojú*.

"Wọ́n fẹ́ gé ẹyinjú ọmọ mi wò?" Ó ká lẹ́tà náà sábẹ́ Bíbélì. "Kò ní ṣẹlẹ̀."

Ìyá mi ní, "Ohun tí wọ́n sọ fún mi kọ́ nìyẹn, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká padà lọ bi wọ́n."

"Ṣé ìwọ lo mọ̀wé ni, àbí èmi?"

Ìyá mi dákẹ́. Inú ìdákẹ́ yẹn ṣì ń bí mi.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Ìpéǹpéjú mi kò lè padé mọ́. Ọjọ́ kan ni olùkọ́ kan wá kí wa láti Bẹẹrẹ, bàbá mi sì fi lẹ́tà náà hàn án.

"*Ẹ̀yìn* ojú ni, Bàbá," ni olùkọ́ wí. "Wọn ò ní fọwọ́ kan ẹyin rẹ̀ rárá."

Bàbá mi wá ibi jókòó sí.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà fi ọwọ́ bo ojú òsì mi, ó gbé àbẹ́là sún mọ́ ọ̀tún.

"Ṣé o rí i?" ni bàbá mi bi mí.

Ooru rẹ̀ ń kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. "Mi ò rí i, Bàbá."

Dókítà ní ohun tí òun ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ ni pé bí òun bá gé e, ẹ̀jẹ̀ lè dà sẹ́yìn ojú kí ojú sì fọ́. Ẹ̀rù ìyẹn kò sí mọ́. Wọ́n gé díẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe irú tó ń pani, wọ́n sì yọ gbogbo rẹ̀.

Ẹyin ojú tí bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n gé ṣì wà níbẹ̀ ní pípé. Kò rí nǹkan kan.