Ìpè Kẹta

Òkun jìnnà sí Ṣakí. Òjò gan-an, ìgbà tó bá wù ú ló ń yọjú sí wa. Síbẹ̀, ilé wa ni àlùjọ̀nnú òkun wọ̀ sí, àbúrò bàbá mi ló sì mú un wálé.

Ọdún gbọọrọ ni Bàbá Kékeré fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó padà wá dáko. Ikọ́ ni wọ́n kó dé, àti òfin kan: ẹni tó bá pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, wọn kì í dá a lóhùn. Wọ́n ní àwọn ohun burúkú inú òkun a máa fi ohùn ẹni tí èèyàn fẹ́ràn jù pè é, ẹni tó bá sì dáhùn, omi ló ń bọ́ sí. Ṣùgbọ́n agbára àwọn ohun náà kò ká ìpè kẹta. Ọ̀rẹ́ Bàbá Kékeré kan gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lójú agbami, ó ní "Mo ń bọ̀," ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde kúrò nínú ọkọ̀. Tí Bàbá Kékeré bá ń sọ èyí, wọn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó máa ń bí Ìyá Àgbà, ìyá wọn, nínú. "Èmi tí mo bí ọ! Ṣé Ṣakí náà ti di òkun ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ká má jẹ́ ìpè ọ̀sán gangan tá ò bá rí ẹni tó pè wá."

Ìyá Àgbà á pòṣé, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó mọ́ wọn lára: wọ́n á pe orúkọ ọmọ wọn lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Èmi a máa bá wọn kà á, màá sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Kékeré ń ta okùn ewúrẹ́ ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá Àgbà ti lọ fa omi ní kànga ẹ̀yìnkùlé. A gbọ́ ohùn wọn, wọ́n pe ọmọ wọn. Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Wọ́n tún pè é, ohùn náà ti rẹlẹ̀.

"Bàbá, Ìyá ń pè yín o."

Wọ́n na ìka mẹ́ta sí mi. Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín, èmi náà sì jókòó tí mò ń retí ẹ̀kẹta.

Kò wá. Nígbà tí a fi máa sáré débẹ̀, Ìyá Àgbà ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, okùn garawa ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí èémí mọ́. A sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láti ìgbà náà, ìpè àkọ́kọ́ ni Bàbá Kékeré ń jẹ́. Bí ọmọdé ló pè wọ́n, wọ́n á dìde fìrì.

Nígbà ọyẹ́ èṣí, lọ́sàn-án, wọ́n ṣàdédé gbé orí sókè nídìí okùn. "Ìyá! Mo ń bọ̀." Wọ́n dìde, wọ́n kọrí sí ọ̀nà kànga. Mo di aṣọ wọn mú.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Kò sẹ́ni tó pè yín."

Wọ́n wò mí títí. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Wọ́n jókòó. Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Irọ́ ni mo pa. Ohùn Ìyá Àgbà ni, mo sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.