Pẹ̀lẹ́ Tí Kò Dìde

Kàósárà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Bí ẹ bá rí i láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì tó kún fún pépà, tó ń rìn bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀, ẹ ó rò pé tíṣà ni. Kì í ṣe tíṣà. Ìbéèrè ló ń bi èèyàn jẹun.

Dókítà Adéyọrí, olùkọ́ kan ní yunifásítì, ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n ń ṣèwádìí lórí ìwà tó ṣókùnkùn: ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ débi pé kò rí ẹlòmíràn, ẹni tó ń fi ẹ̀tàn lo ọmọnìkejì, ẹni tí ìyà ẹlòmíràn kò ká lára. Wọ́n fẹ́ mọ bí irú wọn ṣe ń bá olólùfẹ́ gbé. Mo ní, “Ṣé èyí náà gba yunifásítì? Kí wọ́n wá bi mí, mo ti fẹ́ ọ̀kan rí!” Kàósárà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Òun ló yí àwọn ìbéèrè náà sí Yorùbá, ibẹ̀ ló sì ti ṣàṣìṣe. Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè bóyá ìyà ẹlòmíràn máa ń dun èèyàn. Kàósárà kọ ọ́ pé, “Bí nǹkan bá ṣe ẹlòmíràn, ṣé ẹ máa ń kí i pé pẹ̀lẹ́?” Háà! Yorùbá wo ni kì í sọ pẹ̀lẹ́? Fẹsẹ̀ kọ lójú títì, kó o wo bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́ rí ṣe máa pariwo pẹ̀lẹ́ láti òdìkejì. Igba èèyàn ló dáhùn, igba ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní, “Kàósárà, ṣé àwọn áńgẹ́lì lo lọ bá ni? Lọ wá ìbéèrè mìíràn.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù nígbà náà kí wọ́n so yìgì Kàósárà àti Mukhtar, òṣìṣẹ́ ìjọba l'Óṣogbo. Kàósárà ti fi ìbéèrè náà bi òun náà, ó sì yege. Ohùn ọmọkùnrin yẹn! Bó bá ní “pẹ̀lẹ́, olólùfẹ́ mi,” èmi àgbàlagbà tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà mi, orí mi á wú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan Kàósárà wá bá mi. “Ìyá Fáìzàh, bí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣe ló ń rẹ̀ mí, mi ò sì mọ ohun tó fà á. Ṣé kí n fẹ́ ẹ?”

Mo ní kó lọ fara balẹ̀, pé ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo ìmọ̀ràn!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu bo ọ̀nà Iléṣà, ó wọkọ̀ lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà láti lọ wá ìbéèrè mìíràn tí Dókítà ní kó wá. Ó ní àwọn igi ń yọ jáde nínú funfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ń wọlé padà, òun ò mọ̀ bóyá òun sùn ni àbí òun jí. Ìyá àgbà kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì, tó ń pe ilé ní “ulé”, gbọ́ ìbéèrè pẹ̀lẹ́ náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ọmọ mi. Bí wọ́n bá kí ọ pé pẹ̀lẹ́, má wo ẹnu wọn. Wo ẹsẹ̀ wọn.”

Kàósárà kọ ọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń padà bọ̀, ẹsẹ̀ ló ń rí: ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà, ẹsẹ̀ ọmọ tó sùn lórí itan ìyá rẹ̀, tirẹ̀ náà nínú bàtà eléruku.

Lọ́jọ́ Sátidé, Mukhtar wá. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, oòrùn ìrọ̀lẹ́ pọ́n sára gbogbo nǹkan nínú àgbàlá, ara gbogbo wa sì rọ̀. Mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà mi, òun jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò. Kàósárà gbé ìrẹsì àti omi bọ̀. Ilẹ̀ yọ̀. Gbì! Àwo fọ́, orúnkún rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde.

“Pẹ̀lẹ́ o, olólùfẹ́ mi,” ni Mukhtar wí. “Pẹ̀lẹ́, ayọ̀ mi.” Ohùn náà dùn bó ṣe máa ń dùn.

Kàósárà ò dìde. Láti ilẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ Mukhtar. Ọ̀kan wà lórí èkejì, ó ń mì jẹ́jẹ́. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀.

“Bọ̀dá Mukhtar, ẹ máa lọ sílé. Mi ò fẹ́ yín mọ́.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan.”

Mukhtar lọ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Mo ké sí i pé, “O káre, ọmọ mi! Pẹ̀lẹ́, ṣé o gbọ́? Pẹ̀lẹ́.”

Ó yíjú sí mi. Kò wo ojú mi. Atẹ ẹ̀wà ṣì wà lórí itan mi. Látìgbà tó ti ṣubú, èmi náà ò tíì dìde.