Ìyá Ṣé-O-Ti-Lò-Ó àti Onígbàjámọ̀

Nígbà tí wọ́n ń sin àbúrò mi, ọ̀kan nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ pè é ní áńgẹ́lì. Mi ò dá a lóhùn, torí kò yẹ kéèyàn máa jiyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ṣùgbọ́n èmi tá a jọ mu ọmú kan náà mọ̀ pé kì í ṣe áńgẹ́lì. Áńgẹ́lì kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀. Bí àbúrò mi bá kí èèyàn ní òpópó kan, ẹni tó ń sùn ní òpópó kejì á dáhùn.

Bàtà ni mo ń rán. Mi ò kàwé lọ títí. Bọ́rọ̀ rẹ̀ ṣe rí ni màá ṣe kọ ọ́.

Aṣọ ló ń fọ̀ jẹun. Ọwọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́, áyọ́ọ̀nù eléèédú ló sì fi ń lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ó gbẹ bí igi. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, wọ́n bá kòkòrò éèdì níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà tó tọ́jú rẹ̀ ní oògùn ò lè lé kòkòrò náà lọ o, àmọ́ ó lè dè é mọ́lẹ̀, pé bó bá ń lò ó lójoojúmọ́, láì pa ọjọ́ kankan jẹ, ó máa pẹ́ láyé. Ó lò ó. Kò pẹ́ tó tún fi ń ru ẹrù aṣọ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Bó ṣe sọ fún mi rèé: "Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ní mo ní éèdì. Ẹ bá mi rán bàtà yìí, ẹnu ẹ̀ ti là."

Ẹnikẹ́ni tó bi í ló ń sọ fún, àwọn tí ò bi í náà sì gbọ́. Àwọn oníbàárà kan wá kó aṣọ wọn lọ. Ó ká a fún wọn dáadáa, ó ní kí wọ́n máa lọ láyọ̀, pé ìdọ̀tí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn ti ń sú òun tẹ́lẹ̀. Ojú ò tì í rárá. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Ohun tó gbé e dìde nìyẹn, òun náà ló sì ba ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kó àwọn tí ara wọn ti yá jọ. Ó ní kí wọ́n máa bẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn wò, torí pé oṣù àkọ́kọ́ le, ó ń mú kéèyàn máa bì, òòyì á máa kọ́ni, ọ̀pọ̀ ló sì ń jù ú sílẹ̀. Kò sówó níbẹ̀. Àbúrò mi gba àdúgbò wa. Kó tó gbé omi aṣọ kaná láàárọ̀, á ti wọ ilé tó máa wọ̀. Ìbéèrè kan ló ń bi wọ́n: "Ṣé o ti lò ó?" Bó o bá ti lò ó, á rẹ́rìn-ín, á máa lọ. Bó ò bá tíì lò ó, á fìdí kalẹ̀, á bu omi fún ẹ, á máa wò ẹ́ lọ́fun títí á fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ò bá rí nǹkan jẹ kó tó lò ó, á wá búrẹ́dì fún un. Ẹni tí ò bá lè dìde, á fọ aṣọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, á sì bú u lórí ẹ̀.

Mo rí àwọn tó gbé dìde. Bíríkìlà kan wà tí wọ́n ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìtùnú ṣáájú àkókò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orí ògiri ilé gíga ló wà tó ń kígbe sí àbúrò mi nísàlẹ̀ pé, "Màmá, mo ti lò ó o!" Àbúrò mi ń kígbe padà pé, "Di pákó yẹn mú, kí n má lọ gbé ẹ dìde lásán!" Gbogbo òpópó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé ló sọ ọ́ ní Ìyá Ṣé-O-Ti-Lò-Ó. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn.

Kò pe àìsàn kankan lórúkọ níwájú ilé ẹnikẹ́ni rí. Ó gbà pé bóun ò bá ti pè é lórúkọ, òun ò tú àṣírí ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ta ni ò mọ ohun tó ń bi èèyàn? Ilé tó bá ti yà sí lẹ́ẹ̀mejì, aládùúgbò ti ń ka ẹni tó wà níbẹ̀ mọ́ àwọn tó ní éèdì.

Nọ́ọ̀sì àgbà kìlọ̀ fún un. Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti pàdé lọ́jọ́ náà.

"Màmá, ẹ máa bi oníkálukú ibi tó ti fẹ́ rí yín. Gbogbo èèyàn kọ́ ló láyà bíi tiyín."

Àbúrò mi ní, "Nọ́ọ̀sì, ìtìjú ń pa wọ́n ju àìsàn lọ. Bí mo bá ń yọ́ wọlé wọn bí olè, mo ti bá wọn gbà pé nǹkan ìtìjú ni nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì mi orí, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Mo ṣì ń ro ohun tí àbúrò mi sọ yẹn títí dòní. Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà.

Onígbàjámọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù níwájú tèmi, òpópó ló là wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé èèyàn á sùn lọ nídìí rẹ̀. Òun náà wà lára àwọn tí wọ́n ní kí àbúrò mi máa bẹ̀ wò. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ilé ni kẹ́ ẹ ti máa rí mi. Ẹ má wá sí ṣọ́ọ̀bù. Abẹ àti kílípà ló wà lọ́wọ́ mi."

Àbúrò mi ní òun gbọ́. Ó sì pa á mọ́. Ilé ló ti ń rí i, onígbàjámọ̀ ń lo oògùn rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún. Ó ti ń sọ̀rọ̀ ìyàwó.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì sọ fún àbúrò mi pé onígbàjámọ̀ ò wá gba oògùn tuntun, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ti máa tán. Àbúrò mi ò fi falẹ̀. Ó lọ sílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò bá a. Ó tún lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọjọ́ Sátidé ni. Ó gbé báàfù aṣọ rẹ̀ rù, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Mo rí i látibi tí mo jókòó sí. Mo rò pé ó fẹ́ kọjá ni. Ìgbà tí mo rí i tó yà síbẹ̀, mo sọdá tẹ̀ lé e.

Ṣọ́ọ̀bù náà kún dẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà kan tó sanra ló wà lórí àga, wọ́n ti fá apá ọ̀tún orí rẹ̀, apá òsì ṣì kù. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàfù lórí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo délé ẹ, mi ò bá ẹ. Ṣé o ti lò ó?"

Kílípà dákẹ́. Tíṣà gbójú sókè nínú dígí, ó wo àbúrò mi, ó wá wo ọwọ́ tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ lò?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

"Kò sí nǹkan kan kẹ̀? Ṣé mi ò mọ Ìyá Ṣé-O-Ti-Lò-Ó ni?" Ó ti ń tú aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀, sà. Apá kan péré ló kù."

"Bá mi fi apá kan yẹn sílẹ̀."

Bó ṣe dìde nìyẹn, tó fi orí fífá lápá kan, irun lápá kejì, gba àárín òpópó lọ sílé rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ká ní àbúrò mi yí padà nígbà yẹn, bóyá a ì bá rí nǹkan sọ. À bá ní oògùn ibà ni. Ṣùgbọ́n inú bí i sí àwọn tó ń dìde tẹ̀ lé tíṣà. Ó gbé báàfù sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, èwo nìyí? Ṣé irun gígé ló máa kó éèdì ràn yín? Ó ń lo oògùn ẹ̀! Ẹni tó bá ń lò ó dáadáa, kòkòrò yẹn á sùn lára ẹ̀ ni! Ẹ jókòó!"

Wọ́n gba abẹ́ apá rẹ̀ jáde. Bó ṣe ń gbèjà ọmọ ọlọ́mọ ló ń fẹnu ara rẹ̀ tú gbogbo rẹ̀ sí ìta. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣófo tán ló tó gbọ́ ohun tóun sọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Onígbàjámọ̀ ń gbá irun tíṣà nílẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo ti lò ó. Mo lọ gba tuntun láàárọ̀ yìí kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màmá, ẹ máa lọ."

Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ló ń jókòó lórí àga rẹ̀, tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Èmi ń lọ gé irun, ṣùgbọ́n irun orí mi ò tó nǹkan, kò lè gbé ṣọ́ọ̀bù ró. Obìnrin tó fẹ́ fi ṣaya ò yọjú sí i mọ́. Lánlọ́ọ̀dù ní òun fẹ́ lo ṣọ́ọ̀bù òun. Ó kó dígí rẹ̀ sórí ọmọlanke, ó lọ sílé ìyá rẹ̀ ní ìkángun ìlú. Kò dé ilé ìwòsàn mọ́.

Àbúrò mi lọ bá tíṣà jà nílé. Tíṣà ní, "Ta ló sọ fún mi? Ìwọ kọ́?" Àbúrò mi padà sílé, kò fọ aṣọ lọ́jọ́ náà.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ìyá onígbàjámọ̀. Ìyá náà ò jẹ́ kó wọlé. Ó ń gbọ́ ohùn ọmọ náà láti inú yàrá: "Ẹ sọ fún wọn pé mi ò sí ńlé." Ó tún ń gbọ́ ikọ́. Àbúrò mi á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á ní òun á dúró títí á fi dé, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ó wà ńlé. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, títí ìyá náà fi jáde sí i lọ́jọ́ kan, tó rọra sọ̀rọ̀.

"Ìyá, àwọn ará ilé ti ń bi mí ẹni tó o jẹ́ o. Ṣé ibí náà ni wàá ti lé wa ni?"

Àbúrò mi dìde. Kò padà débẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà. Kò pariwo. Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi lọ síbẹ̀. Kò lo oògùn mọ́. Á kú."

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà. Ó ní òun ò lè fi oògùn rán èmi láìjẹ́ pé oníǹkan gbà, ṣùgbọ́n kí n sọ fún onígbàjámọ̀ pé òun á dúró dè é lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí kò ní sí èrò, kó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Mo gbé bàtà kan tí mo rán dání, bí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ lọ fún ìyá onígbàjámọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi oníbàtà léèrè ibi tó ń lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, onígbàjámọ̀ ti gbẹ, egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta.

Mo ní, "Irun mi kún."

Ó wo orí mi. "Bàbá, èwo nínú ẹ̀?"

Ó gbé àga jáde sẹ́yìn ilé, ó gé e. Mo jíṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún un. Kílípà dúró.

"Ta ló rán yín?"

Mi ò mọ irọ́ pa. "Àbúrò mi ni."

Ó fẹ́ irun kúrò lára kílípà, ó ní, "Ara mi ti ń yá nígbà yẹn, Bàbá. Mo ti ń sanra." Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní, "Màá lọ bá nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ rí wọn. Ẹ má sì sọ ibi tí mo bá lọ fún wọn."

Mo gbà. Ó lọ, wọ́n tọ́jú ikọ́ rẹ̀, ó padà sídìí oògùn rẹ̀. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó là á já. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti ń gé irun.

Àbúrò mi ò fi ìbẹ̀wò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ń béèrè ibi tí oníkálukú ti fẹ́ rí òun, ó sì ń gbẹ́nu sétí wọn. Bíríkìlà bi í lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ohùn yín ńkọ́?" Ó ní òtútù ló mú òun. Òtútù náà ò lọ mọ́. Bí mo bá ti ibi irun dé, á wo orí mi, á ní:

"Ó wà?"

"Ó wà."

"Ó béèrè mi?"

"Rárá."

Mo lè parọ́ fún un. Nǹkan kékeré ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mi ò mọ irọ́ pa, ó ń rí i lójú mi. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń bi mí, mò ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, nídìí ọpọ́n aṣọ. Kòkòrò yẹn kọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ gé irun. Mo sọ fún onígbàjámọ̀ pé àbúrò mi ti kú. Kò dáwọ́ dúró. Ó fá ẹ̀yìn ọrùn mi, ó fi sípíríìtì nù ún. Nígbà tó tú aṣọ lọ́rùn mi tán, ó ní:

"Níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ń bì, Màmá ló máa ń di orí mi mú. Ó ti pẹ́ tó ti wù mí pé kẹ́ ẹ bá mi kí wọn. Ẹnu mi ni ò gbà á sọ."

Mo ní mo gbọ́. Ẹlòmíràn ti ń dúró de àga. Mo dìde fún un, mo sì bọ́ síta.