Wáyà Méjì Tó Gba Orí Ara Wọn

Ìyá Báàjì kì í fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá fẹ́ ṣanwọ́ lẹ́yìnkùlé, á kọ́kọ́ tìlẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ló fi ń ran báàjì sára aṣọ ilé-ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló ya gbogbo ọnà báàjì náà, inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni wọ́n sì wà. Kọ̀ǹpútà náà ti ń kú lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé kan sì ti kìlọ̀ fún un pé bí báàjì òun kò bá délẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé, òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló gbé tuntun wá, tó sì kó àwọn ọnà náà sínú rẹ̀. Àna àbúrò yìí ní ṣọ́ọ̀bù báàjì ní òpópónà kejì. Ìyá Báàjì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kó ọnà, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ta ló mọ èyí tó ń kó sápò.

Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti dàgbà. Ihò ẹlẹ́gùn-ún mẹ́sàn-án tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kọ̀ǹpútà tuntun kò sì ní irú rẹ̀. Àbúrò ra nǹkan kékeré kan tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe káàbù, ìyẹn okùn wáyà tó so méjèèjì pọ̀. Ó dán an wò. Abẹ́rẹ́ gbéra, ó ran ìlà kan. Ó ní òun ń lọ jẹun.

Kò tíì dé ìta tí Ìyá Báàjì ti tú orí káàbù. Wáyà pupa àti funfun gba orí ara wọn kọjá. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, okùn tó bá gba orí ara wọn, aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò dúró bi àbúrò rẹ̀ léèrè. Ó ti dájọ́. Ó gbé káàbù lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe lódìkejì ọ̀nà, ó ní kó bá òun nà án tààrà.

Nígbà tí àbúrò dé, ẹ̀rọ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó pa á, ó tàn án, ó pààrọ̀ ògbufọ̀. Òógùn bò ó.

"Ó ṣiṣẹ́ kí n tó lọ."

"Bóyá ṣọ́ọ̀bù àna ẹ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́."

Ó tú orí káàbù, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fọwọ́ kan èyí?"

"Èmi ni. Mo rí ibi tí o lọ́ ọ sí."

"Ẹnu kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọjú sí etí ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí tí mo fi lọ́ ọ nìyẹn. Ẹ ti wá jẹ́ kí ẹnu kọjú sí ẹnu, etí sí etí. Ta ni yóò gbọ́ ta ni?"

Ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì, ó fi lẹ wáyà méjèèjì padà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu, báàjì àkọ́kọ́ jáde láìlábàwọ́n. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì.

"Kò sí ọnà yín kankan lọ́wọ́ mi. Ẹ má pè mí mọ́."

Báàjì délẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àbúrò rẹ̀, Ìyá Báàjì á ní, "Ṣé ẹ ò rí i pé kò wá mọ́? Ṣé ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ máa ń sá ni?"

Ó ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.