Ẹni Tó Máa Gé Kókó Àyìnkẹ́

Gbàà! Àyìnkẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta báàgì dọ́kítà, abẹ́rẹ́ àti ìgò oògùn fọ́n ká àgbàlá, àwọn adìẹ fò lọ sórí ògiri. Dọ́kítà náà, pẹ̀lú kóòtù funfun tó ta sítáàṣì, sáré fara ti ilẹ̀kùn. Bàbá ò tiẹ̀ dìde lórí àpótí tó jókòó sí.

"Ẹ ò kí i," ó ní. "Ẹ kàn dé, ẹ nawọ́ sí abẹ́ ikùn obìnrin!"

Abo ẹṣin Bàbá ni Àyìnkẹ́. Muṣin la wà, kò tíì pẹ́ tí wọ́n yí owó wa sí náírà, Bàbá sì ni ará ilé kejì sí wa, arúgbó tó ti Ọ̀yọ́ wá. Ẹṣin ẹ̀ ló máa ń gbé àwọn ọmọ ilé kéú yí àdúgbò ká lọ́jọ́ wòlímọ̀, tí wọ́n bá ti ka Kùránì parí. Èmi ló sì kàn! Láràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì Bàbá, ṣìì, ṣìì, lára ẹṣin, tí òórùn èérí bàbà àti koríko tútù á gba ojú fèrèsé wa wọlé, tí Bàbá á máa ki Àyìnkẹ́ sétí bí ìyàwó tuntun. Mo ti ń rí ara mi lórí ẹ̀, èmi àti ìborùn funfun, èmi àti awò dúdú lójú!

Àfi bí kókó ṣe yọ sí i lábẹ́ ikùn, níbi tí okùn gàárì ń gbà kọjá. Ó ń wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Tí wọn ò bá gé e, Àyìnkẹ́ máa kú. Tí wọ́n bá sì gé e bákan, ó máa kú náà ni.

Bàbá bá dọ́kítà ṣa àwọn ìgò ẹ̀, ó wá bi í ní ohun kan ṣoṣo. "Ẹran tó ti kú lọ́wọ́ yín, kí ló pa á?"

"Èmi kẹ̀? Ẹran kankan ò kú lọ́wọ́ mi rí!"

"Ẹ káre. Ó dàbọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan gun alùpùpù Fẹ́sípà wọlé, ṣòkòtò ló wọ̀. Màmá mi ní nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì kọ́, dọ́kítà ẹran ni! Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá tòun ti ṣòkòtò, ó béèrè orúkọ ẹṣin, ó gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, ó ní, "Àyìnkẹ́, pẹ̀lẹ́ o, ìyá mi." Ọwọ́ ẹ̀ rọra ń sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi kan kókó. Etí lásán ni Àyìnkẹ́ jù.

Bàbá bi í ní ìbéèrè yẹn.

"Ẹṣin méjì, Bàbá. Ti àkọ́kọ́, èmi ni mo ṣi oògùn oorun wọ̀n. Ìkejì, mi ò bi ẹni tó ni ín bóyá ẹṣin ti jẹun. Ó ti jẹun yó. Torí náà, ẹ má fún Àyìnkẹ́ lóúnjẹ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó bá ṣáájú iṣẹ́ abẹ."

"Ọmọ mi," Bàbá ní, "ìwọ lo máa gé e."

Mẹkáníìkì iwájú ilé wa pariwo. "Bàbá! Ẹni tí ò pa ẹran rí lẹ lé lọ, ẹni tó ti pa méjì lẹ mú?"

"Ìwọ náà ńkọ́, ẹ́ńjìnnì mélòó ló ti nọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹ?"

"Háà, Bàbá, wọ́n pọ̀ díẹ̀ o."

"Kí ló dé táwọn èèyàn ṣì ń gbé mọ́tò wá bá ẹ?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ebi ń pa Àyìnkẹ́, ó ń fi pátákò lu ilẹ̀, gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀. Màmá mi gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún Bàbá, ó kọ̀ ọ́. "Àwa méjèèjì la jọ gba ààwẹ̀."

Abẹ́ igi fúrúùtù ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, lórí àpò iyanrìn àti gbogbo ẹní ilé wa. Bàbá gbé orí ẹ̀ lé itan, ó ń kì í títí tó fi sùn, kò sì dákẹ́ nígbà tó sùn tán. Kókó bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, pọ́ọ̀. Dọ́kítà rán egbò, a wá ń dúró. Etí kan mì. Ó gbé orí sókè. Ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó dúró! Nígbà tí dọ́kítà ní ó ti lè mumi, Bàbá ní Bísímílàhi, ó fún un lómi kó tó mu tiẹ̀.

Egbò jinná, mo gùn ún! Lọ́jọ́ wòlímọ̀ mi, gbogbo àdúgbò ló yà síta wá wò mí.

Bàbá ti lọ, Àyìnkẹ́ náà ti lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lẹ́nu mi. Mo ti bi télọ̀, mo ti bi onídìrí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin tí mo nífẹ̀ẹ́ ní ṣé màá fẹ́ òun. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ti bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí fún mi. Ó họ orí, ó fa àga, ó jókòó dáadáa. "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó tóbi ni, àbí èyí tó kéré?"

Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí n tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i, bó ṣe fa àga yẹn báyìí ni inú mi ti ní bẹ́ẹ̀ ni!